Ojú Ọ̀run àti Alóre Rẹ̀

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo wọ bàálù láti Àbújá bọ̀ wá sí Èkó. Ìyá arúgbó kan ni a jọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ara wa. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ni ó bímọ ní Àbújá, ó sì ti lọ bá a wẹ ọmọ fún oṣù mẹ́ta. Mọ́tò ni ó wọ̀ lọ. Bàálù ni àna rẹ̀ ní kí ó wọ̀ bọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ sì nìyẹn. Nígbà tí a súnmọ́ Èkó, òjò ṣú, ọkọ̀ wa sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí po lójú ọ̀run. Kò pẹ́ tí awakọ̀ fi sọ̀rọ̀ jáde pé kí a mú sùúrù, pé "táwà" kò tíì yọ̀ǹda fún òun láti sọ̀ kalẹ̀. Àwọn èrò kan pòṣé. Ìyá yìí kò pòṣé ní tirẹ̀. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ọmọ mi, ta ní ń jẹ́ táwà, tí ẹni tí ó ń wa ọkọ̀ ńlá báyìí fi ń gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀?"

Mo dá a lóhùn pé, "Alóre ni, mà. Ó wà nílẹ̀, lókè ilé gíga kan, ó ń wo gbogbo ọ̀nà."

Ìyá mi orí. Ó rò ó fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó tún bi mí pé, "Ó ń wò wá. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣé ó ń gbọ́ wa?"

Ìbéèrè kejì yìí ni ó mú mi kọ àròkọ yìí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti rí ilé-ìṣọ́ pápákọ̀ òfuurufú rí, ilé tóóró tí ó ga, tí gíláàsì yí orí rẹ̀ ká. A sì máa ń rò pé iṣẹ́ ojú nìkan ni iṣẹ́ àwọn tí ó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá tọ ìtàn ilé yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, a óò rí i pé bí ọdún ti ń gorí ọdún ni iṣẹ́ náà ń kúrò ní ti ojú, tí ó ń di ti etí àti ti ẹnu. Ohun tí ó sì pa ènìyàn jù nínú ìtàn náà ni ọ̀rọ̀ tí a kò gbọ́ yé.

Alóre kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun nínú èdè wa. Ní ayé ogun, ìlú tí ó bá ní odi a máa ní oníbodè ní ẹnu bodè, a sì máa ní alóre tí yóò gun ibi gíga, ìbáà ṣe orí òkè tàbí orí igi, tí yóò máa wo ìta odi. Bí ó bá rí eruku tí ó ń sọ lókèèrè, yóò ké sí àwọn ará ilé. Ojú ni ó fi ń ṣiṣẹ́, ohùn ni ó fi ń parí rẹ̀. Alóre tí ó rí tí kò ké kò sàn ju alóre tí ó sùn lọ.

Ṣùgbọ́n ojú ọ̀run kò ní odi, kò sì ní bodè. Àwọn baba wa tilẹ̀ máa ń fi í làjà fún àwọn tí ó ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Wọn a ní ojú ọ̀run tẹ́ ẹyẹ fò láìfara kanra. Òtítọ́ ni òwe yìí ní ti ẹyẹ. Ó sì jọ òtítọ́ ní ti bàálù fún ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn tí àwọn Wright, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, fò ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1903. Bàálù kò pọ̀ nígbà náà, wọn kò sì yára. Ẹni tí ó bá ń wa ọkọ̀ ni ó ń fi ojú ara rẹ̀ wá ọ̀nà. Ojú irin, odò àti títì ni wọ́n ń tẹ̀lé láti òkè, gẹ́gẹ́ bí àlejò ti ń tẹ̀lé ipa ẹsẹ̀ wọ ìlú.

Pápákọ̀ òfuurufú Croydon, ní ìhà gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n kọ́ ilé-ìṣọ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ sí ní ọdún 1920. Gíga rẹ̀ kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 15 lọ; fèrèsé sì wà ní ìhà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lójú wa lónìí, ahéré ni à bá pè é. Iṣẹ́ àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ ni pé kí wọ́n fún awakọ̀ ní ìròyìn ojú ọjọ́, kí wọ́n sọ ibi tí ó wà fún un, kí wọ́n sì sọ nípa àwọn ọkọ̀ mìíràn tí ó ń bọ̀. Ìmọ̀ràn ni wọ́n ń fúnni. Wọn kò tíì máa pàṣẹ.

Ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 1922 ni ojú ọ̀run kọ́kọ́ há mọ́ bàálù akérò méjì. Ọ̀kan gbéra láti Croydon, lẹ́tà ni ó kó. Èkejì gbéra láti Le Bourget ní Paris, ó gbé èrò mẹ́ta. Kùrukùru bo ilẹ̀ ní àríwá ilẹ̀ Faransé. Àwọn awakọ̀ méjèèjì ń fò ní ìsàlẹ̀ kí wọ́n lè máa rí títì tí wọ́n ń tẹ̀lé. Títì kan náà sì ni. Wọ́n kọlu ara wọn, ènìyàn méje tí ó wà nínú ọkọ̀ méjèèjì ni ó sì kú. Ó hàn láti ọjọ́ náà pé òwe ẹyẹ kò bá bàálù mu. Ojú ọ̀run gbòòrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọmọ ènìyàn ń gbà nínú rẹ̀ kò gbòòrò, nítorí pé ìlú kan náà ni gbogbo wọn ń lọ. Lẹ́yìn jàǹbá yìí ni wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé kí olúkúlùkù máa gba ọwọ́ ọ̀tún ọ̀nà tí ó bá ń tẹ̀lé.

Ní ọdún 1922 kan náà ni Jimmy Jeffs, òṣìṣẹ́ Croydon, gba ìwé-àṣẹ àkọ́kọ́ tí wọ́n fún ẹnikẹ́ni láti máa darí ọkọ̀ òfuurufú. Ẹlòmíràn tí ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni Frederick Stanley Mockford, ọ̀gá àwọn oní-rédíò. Wọ́n ní kí ó wá ọ̀rọ̀ kan tí awakọ̀ tí ó wà nínú ewu yóò máa fi ké, tí kò ní ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti dá mọ̀. Nítorí pé láàárín Croydon àti Le Bourget ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń ná, Mockford mú ọ̀rọ̀ Faransé tí ó túmọ̀ sí "ẹ ràn mí lọ́wọ́", ó sì sọ ọ́ di "Mayday". Ìpàdé àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ rédíò tí wọ́n ṣe ní Washington ní ọdún 1927 fọwọ́ sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni a ń pè é tẹ̀léra. Èyí kò ṣàjèjì sí wa: ẹni tí iná ń jó ilé rẹ̀ kì í ké "ẹ gbà mí o" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ní ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà mìíràn ni iṣẹ́ yìí gbà bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1929 wọ́n gba Archie League sí iṣẹ́ láti máa darí ọkọ̀ ní pápákọ̀ ibẹ̀. Kò ní ilé gíga kankan. Bárò ni ó ń tì lọ sí etí pápá láàárọ̀. Àga, agboòrùn, oúnjẹ ọ̀sán àti àsíá méjì ni ó ń kó sínú rẹ̀. Bí ó bá ju àsíá pupa, kí awakọ̀ dúró; bí ó bá ju èyí tí ó jẹ́ alábàlà, kí ó máa lọ. Ẹni tí ó bá ti rí ọlọ́pàá tí ó ń darí ọkọ̀ ní ìkóríta rí ti rí iṣẹ́ Archie League. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ṣú tàbí tí kùrukùru bá bolẹ̀, àsíá di aṣọ lásán. Ní ọdún 1930 ni ilé-ìṣọ́ tí ó ní ẹ̀rọ rédíò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Cleveland, láti ìgbà náà ni ohùn sì ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àsíá. Síbẹ̀, a kò gbàgbé àsíá pátápátá. Títí di òní, iná kan wà nínú ilé-ìṣọ́ tí a ń nà sí ọkọ̀ tí rédíò rẹ̀ bá kú: iná aláwọ̀ ewé tí kò ṣẹ́jú ń sọ fún ọkọ̀ tí ó ń bọ̀ pé kí ó balẹ̀, pupa tí kò ṣẹ́jú ń sọ fún un pé kí ó yà fún ẹlòmíràn, kí ó sì máa yí po.

Kí òǹkàwé má ṣe rò pé ẹnìkan ni ó ń dá gbogbo iṣẹ́ yìí ṣe. Ẹnìkan ń darí ọkọ̀ tí ó ń rìn nílẹ̀. Ẹlòmíràn ni ó ni àṣẹ lórí títì tí wọ́n fi ń gbéra tí wọ́n sì ń balẹ̀ sí. Bí ọkọ̀ bá ti kúrò ní àyíká pápá, ó di ti àwọn tí ó jókòó sí iwájú ẹ̀rọ rédà, tí wọn kì í fi ojú lásán rí ọkọ̀ kankan. Lẹ́yìn tiwọn ni ti àwọn tí ó ń darí àwọn tí ó ń la ọ̀nà jíjìn kọjá. Ní Nàìjíríà, Kánò àti Èkó ni ibùdó wọn. Ọwọ́ ọ̀kan ni ọkọ̀ ti ń bọ́ sí ọwọ́ èkejì, gẹ́gẹ́ bí oníbodè kan ti ń fa èrò lé oníbodè tí ó kàn lọ́wọ́.

Èmi kì í ṣe ẹnjiníà. Olùkọ́ èdè ni mí. Ohun tí ó fà mí mọ́ra jù nínú iṣẹ́ yìí ni bí wọ́n ṣe ń lo ọ̀rọ̀. Ní ọdún 1956, ICAO, àjọ òfuurufú àgbáyé tí àdéhùn Chicago ti ọdún 1944 bí, mú orúkọ kan jáde fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: Alfa ni A, Bravo ni B, títí dé Zulu. Ìdí ni pé B, D àti P jọ ara wọn létí bí rédíò bá ń hó. Ọmọ Yorùbá tí ó bá gbọ́ ìlù kò ní ṣe kàyéfì sí èyí. Ohùn nìkan ni dùndún ń fọ̀. Bí onílù bá lu ohùn àárín tẹ̀lé ohùn òkè, ṣé owó ni ó wí ni, tàbí ọwọ́, tàbí ojú, tàbí ilé? Nítorí èyí ni onílù kì í fi í lu ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Gbólóhùn gígùn tí ará ìlú ti mọ̀ ni ó ń lù, kí ìtumọ̀ má baà sọnù sójú ọ̀nà. Ọgbọ́n tí àwọn àyàn ti ń lò tipẹ́tipẹ́ ni àwọn onímọ̀ òfuurufú náà wá lò.

Òfin kan tún wà pé ohun tí ilé-ìṣọ́ bá pa láṣẹ, awakọ̀ gbọ́dọ̀ tún un sọ, kí alóre gbọ́ bóyá ó gbọ́ ọ bí ó ti yẹ. Àwọn ìyá wa mọ òfin yìí. Ọmọ tí wọ́n bá rán níṣẹ́ sí ilé ìyàwó tàbí ilé baálé kò ní jáde kí wọ́n tó bi í pé, "Kí ni mo ní kí o wí?"

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ẹ̀kọ́ ilé wa àti ẹ̀kọ́ ilé-ìṣọ́ ti yapa. A ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ yóò di odindi. Lójú ọ̀run, àbọ̀ ọ̀rọ̀ kì í di odindi. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kìíní ọdún 1990, ọkọ̀ Avianca kan ń bọ̀ láti Kòlóḿbíà sí New York. Ojú ọjọ́ kò dára, ọkọ̀ sì pọ̀. Wọ́n dá a dúró lójú ọ̀run fún èyí tí ó ju wákàtí kan lọ. Epo rẹ̀ ń tán. Àwọn tí ó ń wà á sọ pé epo ń tán lọ, wọ́n sì bẹ̀bẹ̀ pé kí a fi àwọn ṣíwájú, ṣùgbọ́n wọn kò pe ọ̀rọ̀ tí òfin là kalẹ̀ fún ẹni tí ó wà nínú ewu. Àwọn tí ó wà nílẹ̀ gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bẹ̀, wọn kò gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí igbe. Epo tán, ọkọ̀ já lulẹ̀ ní Cove Neck, ènìyàn 73 nínú 158 sì kú. Mo ti máa ń rò ó pé bí ọmọ tí a kọ́ dáadáa ni àwọn awakọ̀ yìí ṣe sọ̀rọ̀. Wọn kò fẹ́ pariwo sí ẹni tí iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Èyí tí ó burú jù ni ti Tenerife, erékùṣù kan tí ó jẹ́ ti Spéènì, ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1977. Bọ́ǹbù tí ó bú ní pápákọ̀ Gran Canaria ni ó mú kí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ya sí Los Rodeos, pápákọ̀ tí kò lè gbà wọ́n tán. Kùrukùru bolẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí ó wà nínú ilé-ìṣọ́ kò fi rí títì mọ́, kò sì sí rédà tí yóò bá wọn rí i. Alóre di afetíríran. Ọkọ̀ KLM ti ilẹ̀ Họ́láǹdì wà ní òpin títì, ó fẹ́ gbéra. Ọkọ̀ Pan Am ti Amẹ́ríkà ṣì ń rìn bọ̀ lórí títì kan náà. Igbá-kejì awakọ̀ KLM sọ gbólóhùn tí a lè túmọ̀ sí "a wà ní ìgbéra báyìí". Ẹni tí ó wà nínú ilé-ìṣọ́ gbà á sí pé wọ́n ti dé ibi tí wọn yóò ti gbéra. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ti ń sáré lọ. Steven Cushing, nínú ìwé rẹ̀ Fatal Words tí ó jáde ní 1994, ṣàlàyé pé ó ṣeé ṣe kí ìhun èdè Dutch ni awakọ̀ náà fi sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ilé-ìṣọ́ dáhùn pé "OK", ó dánu dúró díẹ̀, kí ó tó fi kún un pé kí wọ́n dúró, òun yóò pè wọ́n. Ní àkókò náà gan-an ni Pan Am ń sọ pé àwọn ṣì wà lórí títì. Ohùn méjì pàdé lórí rédíò, súfèé ni wọ́n sì dà létí àwọn ti KLM. Èyí tí ó dé ọ̀dọ̀ wọn kedere ni "OK". Ènìyàn 583 ni ó kú. Títí di òní, kò tíì sí ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú tí ó pa ènìyàn tó bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wà nínú ìtàn náà tí kì í kúrò lọ́kàn mi. Ẹnjiníà tí ó wà nínú ọkọ̀ KLM béèrè bóyá Pan Am kò tíì kúrò lọ́nà ni. Ọ̀gá awakọ̀ dá a lóhùn pé ó ti kúrò, ẹnjiníà kò sì tún ọ̀rọ̀ sọ. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ-abẹ́ nínú ọkọ̀ pé kí ó má ṣe panu mọ́, tí wọ́n sì ń kọ́ ọ̀gá pé kí ó máa gbọ́. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n sì ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe ọ̀rọ̀ "ìgbéra" lórí rédíò bí kò ṣe nígbà tí a bá ń fún ọkọ̀ ní àṣẹ rẹ̀, tàbí tí a bá ń gba àṣẹ náà padà.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ìtàn òkèèrè ni mo ń sọ, kí ó rántí Ejìnrìn. Ìlú ọjà ni láti ayé àtijọ́; létí ọ̀sà rẹ̀ ni àwọn oníṣòwò Èkó ti ń pàdé àwọn ará Ìjẹ̀bú. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá ọdún 1996, ọkọ̀ ADC kan ń bọ̀ láti Port Harcourt sí Èkó, òmíràn sì ń ti Èkó jáde lọ sí Enugu. Ìwádìí tí ó tẹ̀lé e sọ pé ẹni tí ó ń darí wọn kò tètè là wọ́n sí ọ̀tọ̀. Nígbà tí awakọ̀ ADC rí i pé àwọn fẹ́ forí gbárí, ó yí ọkọ̀ rẹ̀ gírí ju bí ó ti yẹ lọ, apá rẹ̀ kò sì ká a mọ́. Ọkọ̀ náà já sínú ọ̀sà lẹ́bàá Ejìnrìn, gbogbo ènìyàn 144 tí ó wà nínú rẹ̀ sì kú. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí nígbà náà. Mo rántí bí àwọn olùkọ́ wa ṣe dákẹ́ nígbà tí wọ́n gbọ́ pé Ọ̀jọ̀gbọ́n Claude Ake wà lára wọn. Ọjọ́ márùn-ún péré lẹ́yìn náà, ní Charkhi Dadri lẹ́bàá Delhi ní Íńdíà, ọkọ̀ Kazakhstan sọ̀ kalẹ̀ kọjá ibi tí wọ́n ní kí ó dúró, ó kọlu ọkọ̀ Saudi Arabia, ènìyàn 349 sì kú. Ilẹ̀ méjì, ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ọkọ̀ tí ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀.

Ayé ti kọ́gbọ́n díẹ̀. Láti ọdún 2008 ni ICAO ti ń béèrè pé kí awakọ̀ àti alóre tí ó ń ná ọ̀nà òkè òkun fi hàn pé èdè Gẹ̀ẹ́sì yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu tó fún iṣẹ́ náà. Ní Nàìjíríà, iṣẹ́ rédà tí wọ́n ń pè ní TRACON bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ojú ọ̀run wa ní ọdún 2010; Ìlọrin wà lára ibùdó mẹ́sàn-án tí ó ní. Ní ilẹ̀ Sweden, láti ọdún 2015, àwọn tí ó jókòó sí Sundsvall ni ó ń fi kámẹ́rà darí ọkọ̀ tí ó ń balẹ̀ sí Örnsköldsvik. Pápákọ̀ London City náà ti gba irú ètò yìí ní ọdún 2021. Bí ó bá ń lọ báyìí, ọjọ́ lè dé tí a kò ní máa kọ́ ilé gíga sí pápákọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò gbọ́, tí yóò dáhùn, tí yóò sì béèrè pé "Kí ni mo ní kí o wí?", ipò rẹ̀ kò ní ṣófo. Ẹyin ni ọ̀rọ̀. Kò sí rédà tí ó lè kó o bí ó bá ti fọ́.

Mo gbìyànjú láti sọ díẹ̀ nínú èyí fún ìyá náà nígbà tí a ń yí po. Mo ní, "Ẹ má fòyà, mà, ó ń gbọ́ wa. Ọ̀rọ̀ tí ó bá sọ, awakọ̀ yóò tún un sọ fún un." Ó ní ìyẹn ni ó dára jù. Lẹ́yìn nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, wọ́n yọ̀ǹda fún wa, ẹsẹ̀ bàálù sì kan ilẹ̀ nínú òjò. Ìyá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó wá ní kí n fi ilé alóre náà han òun. Mo nà án sí i láti ojú fèrèsé. Iná orí rẹ̀ ń tàn bàìbàì nínú òjò. Ó gbé ọwọ́ sókè sí i bí ẹni tí ó ń kí ará ilé.

Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ojú lọ́nà."